Ilé Wó, Ó Ku Ilẹ̀kùn

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó ilé kan palẹ̀ ní Tinúbú, l'Ékòó. Ọdún 161 ni ilé náà ti wà lórí ìdúró. Ilọjọ Bar ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ ọ ní 1855 a máa pè é ní Casa do Fernandez, èyí tí í ṣe Ilé Fernandez ní èdè Potogí. Láti ọdún 1956 ni ìjọba ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o láìgba àṣẹ. Síbẹ̀síbẹ̀, ó di òkìtì àlàpà.

Bí ẹnìkan nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá bi mí pé, "Ìwọ ọmọ Ìlobù, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" n kò ní bínú. Ìbéèrè gidi ni. Tinúbú kò sún mọ́ Ìlobù, èmi náà kì í sì í ṣe Àgùdà. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ bí ilé bàbá bàbá mi ní Ìlobù ṣe kú kí ó yé yín, àfi bí mo bá kọ́kọ́ sọ ti Tinúbú. Ọ̀nà tí ó ti ibẹ̀ dé ilé wa jìn díẹ̀, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ta ni à ń pè ní Àgùdà? Ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsílì ni púpọ̀ nínú wọn, àti ọmọ àwọn ọmọ wọn. Ní 1835, àwọn ẹrú Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Malê dìtẹ̀ sí àwọn olówó wọn ní Bahia. Láti ìgbà náà ni ara kò ti rọ ènìyàn dúdú mọ́ níbẹ̀. Wọ́n lé àwọn kan jáde, àwọn mìíràn sì sanwó ọkọ̀ ara wọn wá sílé. Èkó gbà wọ́n, Àjàṣẹ́ náà gbà wọ́n. Wọn kò sì padà wá lọ́wọ́ òfo. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kó bọ̀: bíríkìlà ń bẹ nínú wọn, káfíńtà ń bẹ, télọ̀ ń bẹ, alásè ń bẹ. (Àwọn ni wọ́n fi fùréjọ̀n kọ́ ará Èkó, ẹni tí kò bá tíì jẹ ẹ́ rí kí ó wá ọ̀rẹ́ Àgùdà kan kí ọjọ́ Jímọ̀ Rere tó dé.)

Ilé Fernandez kì í ṣe ààfin, kì í sì í ṣe ilé ìjòyè. Ilé oníṣòwò ni. Ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ni wọ́n fi í ṣe. Ọba Dòsùnmú ni ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Ó ku ọdún mẹ́fà kí àwọn Òyìnbó tó gba Èkó lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1861. Ẹ fi ojú inú wo irú ìlú tí Èkó jẹ́ nígbà náà, ìlú ilé amọ̀ àti òrùlé koríko, kí ẹ wá wo ẹnìkan tí ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí àárín rẹ̀, tí ojú ilẹ̀kùn àti ojú fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ lókè bí òṣùmàrè, tí a fi ọwọ́ mọ ọnà sí ara ògiri rẹ̀. Ohun tí ilé náà ń wí fún ẹni tí ń kọjá ni pé, ẹni tí a tà lọ bí ẹran ti padà dé, ó sì ti di olówó.

Kì í ṣe ilé yìí nìkan ni ó ń wí bẹ́ẹ̀. Ní òpópónà Kakawá, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni ilé àwọn da Rocha wà. João Esan da Rocha jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú ní kékeré. Candido ọmọ rẹ̀, tí ó kú ní 1959, wà lára àwọn olówó Èkó tí orúkọ wọn kò parẹ́. Omi ni ó fi kún owó: kànga ilé náà jìn, ó mọ́, ó sì ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú títí omi ẹ̀rọ ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ìjú wá ní nǹkan bí ọdún 1915. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ilé Omi. Antonio Olinto, òǹkọ̀wé ará Bùràsílì, fi orúkọ yìí sọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ní 1969.

Owó ni ó ń kọ́lé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó ń mọ ọ́n, ọwọ́ a sì máa rìn jìnnà ju owó lọ. João Baptista da Costa, Àgùdà, àti Sanusi Aka, Mùsùlùmí ọmọ ilẹ̀ wa, ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Ẹ kíyè sí i: Àgùdà ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ń kọ́ mọ́sálásí, ọmọ Yorùbá ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tiwọn, àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn kó irinṣẹ́ sápò, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Ohun tí reluwé ń kó bọ̀ láti Èkó ni páànù, sìmẹ́ǹtì, ìṣó àti dígí aláwọ̀. Ohun tí ó ń kó lọ ni èso ọ̀pẹ, òwú àti kòkó. Láàárín ogójì ọdún, kò sí ìlú ńlá kan ní ẹkùn Ọ̀ṣun tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alára Àgùdà tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé inú wọn kò fi ojú kan Àgùdà rí.

Ìlobù kò gbẹ́yìn. Àwọn tí ó bá mọ̀ wá mọ̀ pé ìlú Erinlẹ̀ ni wá, a sì fẹ́ràn ọ̀nà àjò. Bàbá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ti kúrò nílé lọ sí Gold Coast kí ó tó pé ogún ọdún. Aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń kiri, kí ó tó ní ìsọ̀ ní Tàmàlé. Bí ó bá rí owó, ilé ni ó ń fi í ránṣẹ́ sí. Ní 1954 ni ilé rẹ̀ ní Ìlobù parí. Mo mọ ọdún náà nítorí wọ́n mọ ọ́n sí iwájú orí ilé, òdòdó kan lápá ọ̀tún, òdòdó kan lápá òsì, kìnnìún kékeré méjì sì dojú kọ ara wọn lábẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà tí ó mọ ọ́n kò rí kìnnìún rí. Ajá onírùngbọ̀n ni wọ́n jọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ọmọdé ṣe ń pè wọ́n, "Ajá Bàbá Àgbà."

Ọmọ Ìfọ́n ni bíríkìlà náà. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró síbẹ̀ ná.

Amọ̀ ni ògiri ilé náà, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Wọ́n po amọ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ gún un, wọ́n mọ ìpele kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀ títí ó fi gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú nínú iṣẹ́ yìí, ògiri yóò ya lé e lórí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gbẹ tán ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ẹ wọlé láti iwájú, ọ̀nà gígùn kan ni ẹ óò bá tí ó la ilé já láti ojúde dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, àtẹ̀gùn pákó sí ìparí. Àwọn àgbàlagbà tí ó ti gbé inú agboolé àtijọ́, níbi tí gbogbo yàrá dojú kọ àkódì, tí òjò ń rọ̀ sí àárín ilé, sọ pé ilé tuntun yìí mú kí olúkúlùkù máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àbájáde iwájú kì í ṣe ti ẹnìkan. Ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì ni, igi ìrókò, ó ga ju ènìyàn kan àti ààbọ̀ lọ. Káfíńtà fín ìtànná òòrùn sí orí awẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìdajì lára ti ọ̀tún, ìdajì lára ti òsì. Bí a bá ti ilẹ̀kùn, òòrùn a pé. Bí a bá ṣí i, òòrùn a là sí méjì.

Bàbá Àgbà kò gbé ilé yìí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó kọ́ ọ fún ọjọ́ ogbó àti fún ojú ayé, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè mọ̀ pé àjò kò dà á nù. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn mọ iye ọmọ Yorùbá tí àṣẹ yìí tú ká: ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, àti àwa ará Ọ̀ṣun. Ọjà tí a kò rí tà di ti ẹni tí ó bá rí i kó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, sọ fún mi pé ẹrù mẹ́ta péré ni wọ́n kó wọ Ìlobù lóru, pé nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ìrókò náà, ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò lè wọlé, ó ń sunkún. Láàárín oṣù kan, ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó ń sùn nínú ilé náà, ẹbí, ará àti ẹni tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ bọ̀ tí kò ní ibì kankan láti lọ. Ilé tí a kọ́ fún yangàn di ilé ìsádi. Bàbá Àgbà kò padà sí Gánà mọ́. Ó kú ní 1987.

Ọmọ mẹ́rìnlá ni ó fi sílẹ̀, láti ọwọ́ ìyàwó mẹ́ta. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ òfin mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ọkùnrin kan bá kú láìkọ ìwé ìpín, ilé rẹ̀ a di ilé ẹbí. Kò sí ọmọ kan tí ó lè dá a tà, kò sì sí ọmọ kan tí ó di dandan fún láti tún un ṣe. Bí a bá sì fẹ́ pín in, ìdí-igi ni tàbí orí-ò-jorí. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, tí ó ti Èkó dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, dá lé èyí gan-an. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án: ṣé kí a pín in sí mẹ́rin ni tàbí sí mẹ́sàn-án? Ilé ẹjọ́ ní sí mẹ́rin, pé ìdí-igi ni àṣà. Ìdájọ́ tí ó dára ni, n kò bá a jà. Àmọ́ kò sí adájọ́ tí ó lè sọ ẹni tí yóò ra páànù. Ilé amọ̀ kì í tètè kú bí orí rẹ̀ kò bá jò. Bí páànù bá ti dípẹtà, tí omi wọ orí ògiri, ó parí. Ìdí kan ní Òṣogbo, ìdí kan ní Kánò, ìdí kan nílé, olúkúlùkù ń retí pé kí ìdí kejì bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni òjò fi ń rọ̀ sórí ìrètí yẹn.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sí Tinúbú, nítorí ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ó kàn tóbi jù. Ní 1933, Alfred Omolona Olaiya ra ilé Fernandez. Ìdílé Ọláìyá yìí, tí wọ́n wá láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ní Èkìtì, ni Victor Ọláìyá afunfèrè, ọ̀gá àwọn olórin háílàífù, ti jáde. Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń pè é ní Ilé Ọláìyá. Ní 1956, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí lábẹ́ òfin ohun àtijọ́ ti 1953. Ní 1979, ìjọba ológun gbé òfin mìíràn jáde, èyí tí ó dá àjọ tí ń rí sí ilé ọnà àti ohun ìrántí sílẹ̀. Òfin sọ fún onílé ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ilé ẹbí ni, ó wà ní àárín ìlú tí ilẹ̀ ti wọ́n jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n sì ní kí ẹni tí ó ni ín máa wò ó lójú.

Èrò tèmi ni pé a jẹ ilé náà lóyè láìfún un ní oúnjẹ. N kò gbè sẹ́yìn àwọn tí ó wó o. Ohun búburú ni wọ́n ṣe, òfin ni wọ́n sì rú. Ẹgbẹ́ Legacy 1995 ti ń ké tipẹ́ pé kí a tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ Èkó. Nígbà tí iṣẹ́ ibi náà ṣẹlẹ̀, àwọn ayàwòrán ilé, àwọn ọmọ Àgùdà àti àwọn oníwèé ìròyìn kígbe. Igbe náà tọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọgọ́ta ọdún tí ó wà láàárín 1956 sí 2016, mo fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún mi ọdún tí igbe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí òrùlé rẹ̀. Kódà, ilé tí kò sí nínú ìwé òfin kan tí ènìyàn ń gbé a máa pẹ́ ju èyí tí ó wà níbẹ̀ lọ. Ẹ lọ sí ọ̀nà Ìbókun ní Òṣogbo. Ilé alára Àgùdà kan wà níbẹ̀ tí ó ní àjà mẹ́ta. Ibẹ̀ ni Susanne Wenger gbé títí ó fi kú ní 2009. (Ìlobù wa ni òun àti Ulli Beier gbé kí wọ́n tó kó lọ sí Òṣogbo. Àwọn ará Òṣogbo kì í fẹ́ kí a rán wọn létí.) Kì í ṣe òfin ni ó gbé ilé yẹn ró ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Obìnrin kan ń sùn níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ tí ó gbà tọ́ ń jáde ń wọlé níbẹ̀, bí òjò bá jò sí wọn lórí, wọ́n gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo lọ sí Tinúbú. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó kù. Obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ àlòkù ni mo bi léèrè. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ọjà o. Níbo ni Ilọjọ Bar wà?" Kò mọ̀ ọ́n. Mo ní Casa do Fernandez, ó wò mí bí ẹni tí ń sọ èdè Lárúbáwá. Mo wá ní Ilé Ọláìyá. Ó nawọ́. "Ọmọ mi, o pẹ́ dé. Wọ́n ti wó o. Ilé yẹn dára o, òjìji rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí." Nínú orúkọ mẹ́ta tí ilé náà jẹ́, orúkọ ẹni tí ó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn nìkan ni ó kù lẹ́nu ọjà.

Kí ni ó tún kù? Fọ́tò kù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí irú ilé wọ̀nyí ṣe rí láti Èkó dé Àjàṣẹ́, ẹ wá ìwé Marianno Carneiro da Cunha tí ó jáde ní Bùràsílì ní 1985, Pierre Verger ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́, tí ojú rẹ̀ dà bí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, kù. Ṣùgbọ́n ní ti ilé tí ó bá wó l'Ékòó, ẹni tí ó mọ ọjà mọ̀ pé irin ni ó ń kọ́kọ́ lọ, pákó ni ó ń tẹ̀ lé e, bíríkì a sì di ohun tí a fi ń dí kòtò.

Èyí ni mo rò lórí ìjókòó ọkọ̀ nígbà tí mo ń padà sílé, nítorí ní 2022 ni wọ́n wó tiwa. Ẹ̀yìn ilé ni ó kọ́kọ́ ya lulẹ̀ lọ́jọ́ òjò kan. Orí ló yọ ìyá kan tí ó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀. Ìpàdé ẹbí jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tí ó fẹ́ kí a wó o kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni ọdún mọ́kànlá ọjọ́sí, ni ó sọ ọ́ ní gbangba pé, "Ilé yìí ló gbà mí là. N kò fẹ́ kí ó wá pa ọmọ mi." Ta ni yóò dá a lóhùn? Mo sọ̀rọ̀ nípa ìtàn, nípa Àgùdà, nípa ọnà ara ògiri. Wọ́n gbọ́ mi dáadáa, wọ́n sì bi mí pé èló ni mo ní lọ́wọ́. Ìwé ni mo ń kà. Kò sí ohun tí mo ní. Katakata dé ní ọjọ́ Ẹtì, ó lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Wọ́n pín àwọn ohun tí ó kù. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe pín in: ìdí-igi ni! Páànù tí ó ṣì dára pín sí mẹ́ta. Igi àjà pín sí mẹ́ta. Àtẹ̀gùn lọ fún ìdí kejì, ó wà ní abà wọn, adìẹ ni ó ń gùn ún. Ajá Bàbá Àgbà kan fọ́ yányán nígbà tí ó já lulẹ̀. Ìkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó gbé e sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu eruku ara rẹ̀. Dígí aláwọ̀ orí ilẹ̀kùn, pupa méjì àti àwọ̀ ewé kan, wà lọ́wọ́ mi nínú aṣọ. Ní ti ilẹ̀kùn ìrókò, awẹ́ méjì ni, ìdí sì jẹ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ di ariwo. Wọ́n fi owó tu ìdí kẹta nínú, awẹ́ ọ̀tún lọ fún ìdí kìíní ní Ìlobù, awẹ́ òsì lọ fún ìdí kejì, lọ́dọ̀ Àǹtí wa tí ń ṣòwò ẹ̀lùbọ́ ní Òṣogbo. Báyìí ni òòrùn Bàbá Àgbà ṣe là sí méjì, kò sì pé mọ́.

Awẹ́ tí ó wà ní Òṣogbo ni Àǹtí fi ń sá ẹ̀lùbọ́. Ó gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé e dìde, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, igi tí ń ṣiṣẹ́ kì í jẹrà." N kò lè jiyàn. Ara igi náà ń dán ju ti èyí tí wọ́n tì sí ògiri ní Ìlobù lọ.

Èyí tí ó wà ní Ìlobù ni ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ní 2025, ìjà ilẹ̀ tí ó ti wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n láti ayébáyé tún bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní kí onílé gbélé. Ẹ̀mí lọ, ilé jóná. N kò ní sọ ẹni tí ó jẹ̀bi nínú ìwé yìí; àwọn ọmọ ìlú méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ wa, a jọ ń jẹun ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ara rọ̀ díẹ̀, ìdí kìíní gbé awẹ́ ilẹ̀kùn náà jáde lóru, wọ́n fi ẹní wé e, wọ́n gbé e lọ sí Òṣogbo, bí ẹni gbé aláìsàn. Ilẹ̀kùn ilé tí ọmọ Ìfọ́n mọ, tí ọmọ Ìfọ́n fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sí ojú ògiri, ni wọ́n ń gbé sá nítorí ìjà Ìfọ́n! Mo ti bi àwọn àgbà léèrè nípa bíríkìlà yẹn. Wọ́n ní ọdún kan gbáko ni ó fi ń sùn nínú ilé tí kò tíì ní òrùlé, pé Ìyá Àgbà ni ó ń se oúnjẹ fún un, pé nígbà tí ó parí iṣẹ́, Bàbá Àgbà fi kẹ̀kẹ́ Raleigh kan lé owó rẹ̀.

Nítorí náà awẹ́ méjèèjì ti wà nínú ọgbà kan náà báyìí, ọ̀kan lórí búlọ́ọ̀kù, ọ̀kan nínú ẹní. Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìsọ̀ mẹ́fà sórí ilẹ̀ náà ní Ìlobù, ìsọ̀ méjì fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Mo ti wọn ilẹ̀kùn náà, mo sì ti kọ lẹ́tà sí àwọn ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín ìsọ̀ kẹta àti ìkẹrin, ẹsẹ̀ márùn-ún ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ní gíga, kí a gbé e síbẹ̀ fún ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Bíríkìlà ní yóò ná wọn ní lítẹ́lì sìmẹ́ǹtì kan sí i àti ọjọ́ iṣẹ́ méjì. Ìdí kẹta ti gbà. Ìdí kìíní ní bí ìdí kejì bá gbà, àwọn gbà. Àǹtí kò tíì fèsì. Ó ránṣẹ́ sí mi ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá pé kí n kọ́kọ́ wá pákó mìíràn tí òun yóò máa sá ẹ̀lùbọ́ sí, kí ó gùn tó ti Bàbá Àgbà, kí ó má sì ní ìhò. Mo ti rí ọ̀kan lọ́jà onípákó ní Òṣogbo. Iye tí wọ́n pè é ga, ṣùgbọ́n a ṣì ń ná an.